Tíì Tí Huo-sheng Yan Kẹ́yìn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi létí. Pi-yun ni orúkọ obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí. Ó ṣì wà láyé, ní ìlú Zhushan lábẹ́ òkè Lugu, ní Taiwan, níbi tí èmi náà fi ṣe ilé láti ìgbà ọmọge mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní bí mo bá máa fi oyin lá a kí ó lè rọrùn gbọ́, kí n kúkú má kọ ọ́ rárá.

N kò ní fi oyin lá a.

Aránṣọ ni Pi-yun. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà jíjìn, òpin oṣù ló máa ń wálé. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá. Nǹkan méjì ló kù tí ó ń mú inú rẹ̀ dùn láyé: ewé tíì tó dára, àti Su-ngo, aládùúgbò rẹ̀.

Su-ngo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ogiri kan ló pààlà ilé wọn. Ọkọ Su-ngo, Huo-sheng, ayantíì ni. Àwọn àgbẹ̀ orí òkè a máa gbé ewé tíì wọn wá fún un, òun a sì fi apẹ̀rẹ̀ ọparun yan án lórí ẹyín èédú, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, títí tíì náà yóò fi ní òórùn tirẹ̀. Àwọn tó mọ tíì mu nílùú wa máa ń sọ pé bí o bá mu tíì ọwọ́ Huo-sheng lójà, o ó délé kí ọ̀fun rẹ tó gbàgbé adùn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró Huo-sheng bàjẹ́, Pi-yun ló ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa tó ń bá Su-ngo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Òun ló ń se ọbẹ̀ ọ̀mùnú ọparun tí aláìsàn náà lè gbé mì. Lọ́jọ́ tí wọ́n sì sin ín, Pi-yun ló di ìbàdí Su-ngo mú kí ó má bàa ṣubú.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn ẹni kò lè ṣe irú ohun tí Pi-yun wá ṣe fún Su-ngo. Ọ̀tá ìbá ṣe tirẹ̀ ní gbangba.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn ìsìnkú náà, Su-ngo wọlé sí ṣọ́ọ̀bù Pi-yun. Ó fi aṣọ di ìṣà kékeré kan mọ́yà.

"Èyí tó yan kẹ́yìn nìyí," ó ní. "Nígbà tó ń yan án, ó ti ń wúkọ́. Mo ní kó fi sílẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Òun náà ló kù yìí, kò sí òmíràn mọ́."

Pi-yun ní òun kò lè gbà á, kí ẹ̀gbọ́n òun fi pamọ́ fún ara wọn.

"Tó bá wà lọ́dọ̀ mi, wíwò ni n ó máa wò ó," Su-ngo dá a lóhùn. "Ewé tíì téèyàn ò mu, kí ló fi yàtọ̀ sí koríko? Ìwọ gbà á. Ìwọ lo bá mi tọ́jú ẹ̀. Jẹ́ kó sinmi títí òtútù á fi dé. Lọ́jọ́ tó bá pé ọdún tó lọ, kí o pè mí, ká jọ mu ún."

Pi-yun fi ọwọ́ méjèèjì gba ìṣà náà. Ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdérí rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ náà, kò sí ẹ̀jẹ́ tí Su-ngo ì bá ní kí òun jẹ́ tí òun kò ní jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí èṣù ṣe gbà wọlé.

Bàbá kan wà nílùú wa tí wọ́n ń pè ní Olùkọ́ Lien. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n tíì kò jẹ́ kí ilé wọn dá páropáro. Àwọn èèyàn díẹ̀ ló máa ń jókòó yí tábìlì wọn ká lóṣooṣù, àwọn tó gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ tíì, tí wọ́n bá fẹnu kan án báyìí, wọn á sọ òkè tí ó ti wá. Ẹnikẹ́ni kì í kàn yà síbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ pè ọ́. Bí wọ́n bá sì pè ọ́, o gbọ́dọ̀ mú tíì lọ́wọ́ lọ, torí ohun tí o bá mú wá ni wọn á fi mọ irú ẹni tí o jẹ́.

Pi-yun rán ẹ̀wù kan fún Olùkọ́ Lien. Níbi tí ó ti ń wọn apá wọn, ó sọ nǹkan kan nípa tíì tí wọ́n ń mu lọ́wọ́, bàbá náà sì yíjú wò ó. Wọ́n ní kí ó wá lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Pi-yun kò sùn dáadáa títí ọjọ́ náà fi pé. Ó lọ ra tíì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, èyí tí wọ́n kó sínú páálí oníwúrà. Nígbà tí wọ́n pò ó, Olùkọ́ Lien mu ẹnu kan, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì rọra gbé ife wọn kalẹ̀. Wọn kò tún gbé e mọ́.

Ìyàwó olóògùn òyìnbó kan, Ìyáàfin Fan, ló wá gbé páálí náà, tó ń yí i wò.

"Páálí yìí mà dáa o, Pi-yun," ó ní. "Tá a bá mu ún tán, wàá rí nǹkan kó abẹ́rẹ́ sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò burú, ẹ̀rín àwọn tó mọ ara wọn tipẹ́ ni. Pi-yun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ sílé, ojú ń tì í bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya láàárín ọjà. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní, "Bí wọ́n bá mọ ohun tó wà nílé mi."

Ọ̀rọ̀ tó bà á jẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí oṣù mìíràn fẹ́ yọ, ó gbé ìṣà náà sórí tábìlì ìránṣọ. Ó ní òun kò ní í mú ju ìwọ̀n tí wọ́n lè pò lẹ́ẹ̀kan lọ. Kí ni ìpò kan nínú ìṣà kan? Su-ngo kò ní mọ̀, tíì náà kò sì ní dín kù lójú. Ó tú okùn ọrùn rẹ̀. Òórùn èédú àti ti èso gbígbẹ jáde, ó kún inú ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni pé Huo-sheng fúnra rẹ̀ wọlé. Pi-yun tètè bu díẹ̀, ó sì tún ìṣà dì.

Ní ilé Olùkọ́ Lien, wọ́n da omi gbígbóná lé ewé náà, wọ́n bù ú sínú ife. Ìyáàfin Fan, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbé ife rẹ̀ dání, ó ń wo inú rẹ̀. Olùkọ́ Lien di ojú. Nígbà tí wọ́n là á, omi wà níbẹ̀.

"Pi-yun," wọ́n ní, "ta ló yan tíì yìí?"

Orúkọ Huo-sheng ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó tẹnu mọ́ ọn fún mi léraléra pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ náà ti dé ẹnu òun. Ṣùgbọ́n ó rí bí gbogbo wọn ṣe ń wo òun. Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ náà, ilé Su-ngo ni wọn á gbà lọ, Su-ngo ni wọn á máa bọ̀wọ̀ fún, òun á sì padà di aránṣọ tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù wá.

"Bàbá mi ni," ó ní. "Kí wọ́n tó kú."

Bàbá rẹ̀! Bàbá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pa ẹlẹ́dẹ̀ tà lọ́jà, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín tíì àti omi gbígbóná.

Irọ́ kì í dá rìn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún àwọn. Pi-yun kò ní ohun tí yóò sọ, ni ó bá ń sọ ti Huo-sheng. Ó sọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ ọparun. Ó sọ bí bàbá òun ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ooru èédú. Ó sọ pé wọ́n ń wúkọ́ nígbà tí wọ́n ń yan èyí tó kẹ́yìn, àwọn ará ilé ní kí wọ́n fi sílẹ̀, wọn kò gbọ́. Ó bọ́ ayé Huo-sheng lọ́rùn rẹ̀, ó gé e, ó rán an mọ bàbá tirẹ̀. Àwọn obìnrin ń fi aṣọ nu ojú.

Olùkọ́ Lien bẹ̀ ẹ́ bóyá ó lè ta àwọn lọ́rẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Àgbà tí irú wọn kò bẹ ènìyàn rí! Pi-yun bù ú fún wọn, ó ju ìdajì ìṣà lọ. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n sì fún un ní ìkòkò tíì ògbólógbòó kan tí ó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà ọ̀dọ́. Ìyáàfin Fan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àbúrò mi. Ó ń rán an ní èso gbígbẹ. Ó ní nígbà ìrúwé, nígbà tí Olùkọ́ Lien bá tẹ́ tábìlì tíì fún gbogbo ìlú ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, Pi-yun ni kí ó jókòó sídìí tábìlì àkọ́kọ́, kí ó po ìyókù tíì bàbá rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Gbogbo wọn gbà.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Inú Pi-yun dùn. Ó ní inú òun kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà ìgbéyàwó òun.

Òtútù dé. Ọjọ́ ìrántí Huo-sheng ń sún mọ́lé. Ní ọjọ́ kan, Su-ngo yọ orí lẹ́yìn ogiri, ó béèrè pé ṣé tíì àwọn ti sinmi tó. Pi-yun ní ó ti sinmi tó. Ó wọlé, ó ṣí ìṣà wò. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ti ṣe ìlérí rẹ̀ fún tábìlì ìgbà ìrúwé.

Ìbá bu ìpò kan nínú rẹ̀ fún Su-ngo, ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní bí Su-ngo bá rí ìṣà náà pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, á béèrè. Ìṣà náà gbọ́dọ̀ kún. Nítorí náà, ó da èyí tó kù sínú agolo, ó gun alùpùpù lọ sí ìlú kejì, ó ra tíì yíyan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti Huo-sheng, ó dà á kún inú ìṣà, ó sì fi okùn àtijọ́ dì í lọ́rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìrántí náà, Su-ngo gbé oúnjẹ síwájú fọ́tò ọkọ rẹ̀, ó sun tùràrí. Lẹ́yìn náà ló fọ ojú rẹ̀, ó ya irun rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára. Ó wá bí ẹni tó ń lọ pàdé ènìyàn.

Pi-yun tú ìṣà níṣojú rẹ̀. Ó po tíì. Su-ngo gbé ife àkọ́kọ́, ó mu ún, ó sì dúró. Ó gbé èkejì. Ó mu ẹ̀kẹta. Ó ń yí i lẹ́nu bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

"Pi-yun, o gbọ́ adùn ẹ̀?" ó béèrè.

"Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn."

"O gbọ́ òun fúnra ẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ."

Su-ngo gbé ife kalẹ̀. Ẹkún kò kọ́kọ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi ò gbọ́ ọ," ó ní. "Ogójì ọdún ni mo fi mu tíì ọwọ́ ẹ̀. Ó lọ, kò tíì ju ọdún kan, ẹnu mi ti gbàgbé ẹ̀."

Nígbà náà ni ẹkún dé. Ó sun ún bí kò ṣe sun ún létí sàréè. Pi-yun dìde, ó jókòó tì í, ó fi aṣọ nu ojú rẹ̀. Ohun tó sọ nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà:

"Ẹ má sunkún, ẹ̀gbọ́n mi. Ara ló ń dàgbà. Ahọ́n àgbà máa ń gbàgbé nǹkan."

Láti ọjọ́ náà ni Su-ngo kò mu tíì mọ́. Omi gbígbóná lásán ló ń mu. Pi-yun a máa rí i láti orí ogiri, á jókòó sínú oòrùn, á gbé ẹ̀wù òtútù Huo-sheng lé orí itan, á gbé e sí imú, á gbé e kúrò, á tún gbé e sí imú. Ó ń rù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti ìlú Taichung, ó ní ṣé kí àwọn lọ rí dókítà. Su-ngo ní kò sí ohun tó ń ṣe òun, òun kàn ti ń sọ ọkọ òun nù lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ọmọ náà ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Pi-yun, tó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń mójú tó ìyá òun.

Pi-yun ní ìgbà púpọ̀ ni òun ti dé ẹnu ọ̀nà Su-ngo láti jẹ́wọ́. Bí ó bá débẹ̀, Su-ngo á rẹ́rìn-ín sí i, á ní kí ó wọlé wá jẹ ọ̀dùnkún, ẹnu á sì wúwo. Ó ní òun sọ fún ara òun pé bí tábìlì ìgbà ìrúwé bá ti kọjá, òun á sọ gbogbo rẹ̀.

Ìgbà ìrúwé dé. Ọjọ́ náà mọ́ gaara, òdòdó kún igi àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Pi-yun wọ aṣọ aláwọ̀ aró tí ó rán fún ọjọ́ náà, ó jókòó sídìí tábìlì àkọ́kọ́, ìkòkò tí Olùkọ́ Lien fún un wà níwájú rẹ̀. Ó ti da ewé sínú rẹ̀. Omi ti hó. Ibẹ̀ ló ti gbé ojú sókè tó rí Su-ngo tó ń bọ̀ láàárín èrò, ó gbé àpò gúáfà dání.

Pi-yun kò sọ fún un. Ó ti fi ọgbọ́n yẹra fún un. Ṣùgbọ́n obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ló sọ fún Su-ngo pé aládùúgbò rẹ̀ ń jókòó láàárín àwọn ọ̀gá lónìí.

"Ṣé kí àbúrò mi jókòó síbi iyì, kí n má wá wò ó?" Su-ngo ń rẹ́rìn-ín. "Má yọ ara ẹ lẹ́nu, mi ò ní mu. Má fi tíì rere ṣòfò sẹ́nu tí kò mọ nǹkan mọ́. Mo kàn wá wò ọ́ ni."

Olùkọ́ Lien, tí kò mọ ẹni tí ó jẹ́, dìde fún àgbà. Wọ́n fa àga fún un sídìí tábìlì Pi-yun gan-an, wọ́n ní, "Ẹ jókòó, ìyá. Ẹnì kan kì í wá síbí kó má mu."

Pi-yun ronú pé kí òun da omi nù, kí òun ní ara òun kò yá, kí òun dìde. Kò lè gbéra. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń ṣe ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó bu tíì sínú ife fún gbogbo wọn. Ó bu ti Su-ngo.

Su-ngo gbé e nítorí ọ̀wọ̀ lásán. Ife kò tíì dé ètè rẹ̀ tí ó fi dúró. Òórùn náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mu ún.

Pi-yun sọ fún mi pé ohun tí òun kò lè gbàgbé títí òun yóò fi kú ni pé ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ìbínú kọ́, ìyàlẹ́nu kọ́. Ayọ̀ ni. Ojú ìyá náà là bí ojú ẹni tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yíjú sí Pi-yun, ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá òun yọ̀.

"Pi-yun," ó ní jẹ́jẹ́, "òun nìyí. Ẹnu mi ò gbàgbé ẹ̀."

Olùkọ́ Lien rò pé ó ń yin tíì náà ni. Wọ́n ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyá? Bàbá Pi-yun ló yan án kí wọ́n tó lọ. Ìyókù rẹ̀ là ń mu yìí."

"Bàbá Pi-yun," ni Su-ngo wí.

Ó wo Pi-yun. Kò wò ó pẹ́. Ayọ̀ náà sì kúrò lójú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ inú yanrìn. Ó mu èyí tó kù nínú ife rẹ̀. Ó na ife náà, Pi-yun tún bù fún un, ó mu ún. Ó tún na ife. Kò fi ẹ̀kán kan sílẹ̀ nínú ohun tó kàn án. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò gúáfà náà síwájú Pi-yun, ó tẹrí ba.

"Ọwọ́ bàbá yín dára," ó ní. "Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi mu."

Ẹ. Yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, Su-ngo kò pe Pi-yun bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ó ti jáde, Ìyáàfin Fan béèrè pé ta ni ìyá yẹn. Ẹnì kan láti tábìlì kejì ní ìyàwó Huo-sheng ni, Huo-sheng ayantíì. Olùkọ́ Lien gbé ife wọn kalẹ̀.

"Pi-yun, ta ló yan tíì yìí?"

"Huo-sheng ni," ni Pi-yun wí.

Kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n ń wo inú ife wọn. Ìyáàfin Fan nìkan ló sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó ń káàánú.

"Kí ló dé tó ò fi sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?" ó ní. "À bá mu ún náà. À bá fẹ́ràn ẹ náà."

Olùkọ́ Lien rán ènìyàn lọ sílé, wọ́n gbé ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú èyí tí Pi-yun fún wọn wá, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ tinú agolo, wọ́n gbé e lé Pi-yun lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ó dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Pi-yun fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Ó ní òun kò rántí alùpùpù òun. Ilẹ̀kùn Su-ngo ṣí sílẹ̀, ó jókòó sínú yàrá àlejò, ó sì dìde fún Pi-yun bí wọ́n ṣe ń dìde fún àlejò. Pi-yun kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí páálí abẹ́rẹ́ dé orí tíì ìlú kejì. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun lu òun, kí wọ́n bú òun, kí wọ́n pe ará àdúgbò.

Su-ngo ní kí ó dìde, ilẹ̀ tutù.

"Mi ò bínú tíì," ó ní nígbà tó yá. "Mo fi ta yín lọ́rẹ, tiyín ni. Ẹni tó bá wù yín lẹ lè fún. Ẹ mú orúkọ ọkọ mi kúrò lára ẹ̀, ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n òkú ni, kò mọ̀. Èmi ni mo wà láàyè. Láti ìgbà òtútù ni mo ti ń sunkún pé ó ti kúrò lẹ́nu mi. Ẹ jókòó tì mí. Ẹ ń fi ọwọ́ yín nu ojú mi. Ẹ sì mọ̀."

Pi-yun na agolo náà sí i. Su-ngo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Pi-yun ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ kì í tán síbi ohun tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́. Ọkàn ẹni tó fún yín wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ lè gbé fún ẹlòmíràn. Ó ní ẹ̀yin tí irọ́ kékeré kan wà láàárín yín àti ẹni tí ẹ fẹ́ràn, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín lónìí, kí ó tó di pé ẹlòmíràn ń sunkún nítorí rẹ̀.

Ọmọ Su-ngo sọ fún un lẹ́yìn náà pé ìyá òun po tíì náà fún ara rẹ̀, lọ́sàn-án, pẹ̀lú fọ́tò níwájú. Ó ní ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá fọ́tò sọ̀rọ̀, ó ti ń jẹun dáadáa báyìí. Pi-yun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí tíì tuntun jáde lórí òkè lọ́dún náà, ó gun òkè lọ fúnra rẹ̀, ó ra èyí tó dára jù, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan án, ó jó ọwọ́ rẹ̀, ó yan án. Ó rọra dì í sínú aṣọ, ó gbé e lọ fún Su-ngo. Su-ngo gbà á tayọ̀tayọ̀, ó ní ẹ ṣeun, ẹ mà ṣe wàhálà.

Nílùú wa, bí ọ̀rẹ́ bá fún ọ ní nǹkan, o kì í sáré dá tirẹ̀ padà. O ó jẹ́ kó pẹ́, ó lè pé oṣù, ó lè pé ọdún. O ó máa jẹ ẹ́ ní gbèsè ìfẹ́, òun náà á sì máa jẹ ọ́, ìyẹn ni okùn tó so yín pọ̀. Àlejò là ń tètè dá tirẹ̀ padà fún, kí ohunkóhun má bàa kù láàárín àwa àti òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Pi-yun ṣe ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó bá páálí tíì kan ní ẹnu ọ̀nà, tíì ṣọ́ọ̀bù ńlá, wọ́n fi rìbọ́n pupa dì í dáadáa. Ẹ̀bùn náà tó èyí tí ó gbé lọ, ó tilẹ̀ jù ú lọ díẹ̀.

Lọ́dọọdún ni Pi-yun ṣì ń gun òkè lọ yan tíì fún Su-ngo. Su-ngo kò kọ̀ ọ́ rí. Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, páálí náà ti dé.